Ìyá Wàrà Kì í Sùn Nílé Àjèjì

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí zémì, alùpùpù akérò, láì di ohunkóhun mú, nítorí pé ìkòkò tí ó gbé mọ́ àyà ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Eruku ọyẹ́ ti kun ìpéǹpéjú rẹ̀ ní pupa. Ó fi gèlè aláwọ̀ ewé kan we ìkòkò náà, ó sì ń rìn bọ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò bí ẹni tí ó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Sọ̀fíyátù rí i láti ojú fèrèsé, ó sì gbé ojú kúrò nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí ó ń wò.

Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ní làbó yìí ní àdúgbò Ladjifarani, níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi, oúnjẹ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wò láti mọ irú kòkòrò àìfojúrí tí ó wà nínú wọn. Àwọn ènìyàn a máa ju ìgò sórí tábìlì, wọn a sì wo ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ni ín. Kò tíì sí ẹni tí ó gbé nǹkan wá pẹ̀lú irú ìkẹ́ báyìí.

"Àsàlámù àlékúmù. Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ń ṣàìsàn."

"Wàálékúmù sàlámù. Èmi kì í ṣe dókítà. Níbo ni ìyá wà?"

Ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Òun nìyí."

"Ìyá yín ni ẹ rọ sínú ìkòkò?"

Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò ó, lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, tí eruku sì gbọ̀n sílẹ̀ lójú rẹ̀. "Ìyá wàrà ni. Ìyá tèmi wà ní Zongo, ara rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ sì le ju ara lọ."

Kàsìmáwò ni orúkọ rẹ̀. Dẹ̀gẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Àlàájà Sìdíkátù, ń tà: jéró sísè tí a pò mọ́ wàrà kíkan. Kàsìmáwò ni ó ń fi alùpùpù gbé e fún àwọn oníbàárà. Ohun tí ó wà nínú ìkòkò ni àṣẹ́kù wàrà àná, tí Àlàájà máa ń bù sínú wàrà tuntun kí ó lè dì, kí ó sì kan. Ìyá tí ó bí Àlàájà ni ó gbé e wá láti Ìsẹ́yìn nínú akèrègbè, kò sì tíì gbẹ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wàrà náà ń fà bí ilá, ó sì ń rùn. Àlàájà ní ojú burúkú ni. Kàsìmáwò fẹ́ mọ̀ bóyá ojú náà ní orúkọ.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ni Sọ̀fíyátù wí. "Ẹ padà wá lọ́túnla."

"Kò lè sùn síbí. Èèwọ̀ ìdílé wa ni. Ìyá wàrà kì í sùn nílé àjèjì. Ìyàwó ilé nìkan ni a ń bu tirẹ̀ fún, lọ́jọ́ yìgì."

"Ohun tí mo ń wá kò lè dàgbà ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ yàn: kí ó sùn níbí, tàbí kí ó kú sílé."

Ó wo ìkòkò náà. "Kí ó sùn. Bí ìyá mi bá gbọ́, èmi náà yóò wá ibi tí n ó sùn."

Sọ̀fíyátù bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò kékeré, ó kọ "Àpẹẹrẹ 114" sí i lára, ó sì gbé e sínú fìrígò. Lẹ́yìn náà ni ó ká gèlè náà, igun sí igun, kí ó tó dá òun àti ìkòkò padà fún un. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Ní ọjọ́ kẹta, ó jẹ́ kí ó wo inú awò.

"Àmì kéékèèké ni mo rí," ni Kàsìmáwò wí. "Èyí tí ó pọ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Àwọn kan pupa."

"Ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀." Ó ṣàlàyé láì kánjú. A ó fi aró elésè àlùkò kùn wọ́n, a ó fi ọtí líle ṣàn wọ́n, a ó sì tún fi aró pupa kùn wọ́n. Ìdílé kan di aró àkọ́kọ́ mú, kò jẹ́ kí ó lọ. Ìdílé kejì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì gba pupa. Lẹ́yìn àwọ̀, ìrísí: ṣé ó rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tàbí gbọọrọ bí igi ìṣáná? Lẹ́yìn ìrísí, ìwà: kí ni ó ń jẹ, kí ni ó ń tú jáde, bí a bá kán oògùn egbò sí i lára, ṣé yóò hó? "A kì í fi ojú nìkan sọ wọ́n lórúkọ. Ẹni tí ó jọ ènìyàn rere lè jẹ́ olè. Ìbéèrè ni a ń bi wọ́n, a sì ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ títí yóò fi ku orúkọ kan ṣoṣo."

"Bí ìgbà tí ìdílé ọkọ bá ń wádìí ìdílé ìyàwó."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àmọ́ àwọn tèmi kì í purọ́."

"Èmi náà kì í purọ́. Ẹ bi mí."

"Ṣé ẹ ti níyàwó?"

"Rárá o."

"Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni Sọ̀fíyátù wí, ó sì tẹjú mọ́ awò kí ọkùnrin náà má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Àwọn elésè àlùkò ni onílé. Irú méjì ni wọ́n, ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀kan bí igi ìṣáná; àwọn ni ó ń mú wàrà kan. Àwọn pupa ni àjèjì. Sọ̀fíyátù ní kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ ìkòkò. Wọ́n fọ̀ ọ́, àjèjì padà. Wọ́n yí ẹni tí ó ń ta wàrà tútù fún wọn padà, àjèjì padà. Wọ́n ra ìpọnwàrà tuntun. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni Kàsìmáwò ń gbé àpẹẹrẹ wá, kò sì pẹ́ tí ó fi fi Ọjọ́rú kún un.

Fádípẹ̀, ọ̀gá làbó náà, ọkùnrin Ìjẹ̀bú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Sọ̀fíyátù, ṣé wàrà yìí ni ó ń ṣàìsàn, tàbí ẹni tí ó ń gbé e?"

"Méjèèjì ni mo ń yẹ̀ wò, ọ̀gá."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Lábẹ́ igi dóńgóyárò ni Kàsìmáwò ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, láì yí i po: ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni òun, òun kò lọ́rọ̀, òun kò sì fẹ́ ẹlòmíràn. Sọ̀fíyátù ní òun gbọ́. Nígbà tí ó délé ní Titirou, ó sọ fún bàbá rẹ̀, Sàlmànù, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin.

"Kí ìyá rẹ̀ wá," ni bàbá náà dáhùn. "N kì í fi ọmọ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ilé mi."

Ìyá náà kò ní í wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àlàájà Sìdíkátù bi ọmọ rẹ̀: iṣẹ́ wo ni ọmọbìnrin náà ń ṣe? Nígbà tí ó gbọ́ ìdáhùn, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Láàárọ̀ ìgbẹ́, lálẹ́ ọkà? Ọwọ́ tí ó ń ṣí ìgò ìgbẹ́ aráyé ni yóò ro ọkà fún mi? Kàsìmáwò, má tún sọ ọ́ létí mi."

Kàsìmáwò sọ ọ́ fún Sọ̀fíyátù, nítorí pé ó ti ní òun kì í purọ́. Sọ̀fíyátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá ni ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójúmọ́; awọ rẹ̀ ti gbẹ nítorí rẹ̀.

"Ìyá ẹ kò tíì yẹ̀ mí wò," ni ó wí. "Ojú ni ó fi sọ mí lórúkọ."

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin ni àjèjì náà dáhùn ìbéèrè tí ó kẹ́yìn. Sọ̀fíyátù kán omi ìdánwò sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, òrùka pupa kan sì yọ lójú omi náà.

"Ó mà rẹwà," ni Kàsìmáwò wí. "Àmọ́ òrùka mìíràn ni mo ń rò."

Sọ̀fíyátù kò rẹ́rìn-ín. "Kòlì ni orúkọ rẹ̀. Inú ìfun ènìyàn àti ẹran ni ó ń gbé. Bí ó bá wọ inú wàrà, a jẹ́ pé ìgbẹ́ ti kan ohun kan. N ó kọ ọ́ sínú ìwé."

Ìwé náà ni ilé ẹ̀kọ́ kan ń dúró dè. Igba ọmọ ni Àlàájà ń ṣe dẹ̀gẹ̀ fún níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kí wàrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wọlé mọ́ títí làbó yóò fi sọ̀rọ̀.

"Sọ̀fí, bí wọ́n bá ka èyí, ó parí fún wa. Kọ ọ́ pé kòkòrò kan wà níbẹ̀. Má dárúkọ rẹ̀."

"Ọmọ mélòó ni o wí?"

"Igba."

"O ti mọ ìdí tí n ó fi dárúkọ rẹ̀."

"Ìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni mo bi kòkòrò yìí, ó sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. N kò lè yí orúkọ rẹ̀ padà nítorí pé mo fẹ́ràn ẹni tí ó gbé e wá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà já sílẹ̀ níbi tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè hẹ ẹ́. Kàsìmáwò mú ìwé náà, ó sì jáde. Ọjọ́ Ajé kọjá, Ọjọ́rú kọjá, Ọjọ́bọ̀ kọjá. Kò sí ìkòkò lábẹ́ igi dóńgóyárò.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni ó dé, lọ́wọ́ òfo.

"Ó ti kú," ni ó wí. "Ìyá wàrà. Nígbà tí mo ka ìwé ẹ fún ìyá mi, ó ní ọwọ́ ìgbẹ́ ẹ ni ó kó o wọlé. Ó fi ìbínú da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó ti ìkòkò òfo, ó ń sunkún bí ẹni tí ó sìnkú. Sọ̀fí, mo ní kí o purọ́ nítorí mi. Mo wá tọrọ àforíjì. N kò wá fún ohun mìíràn."

Sọ̀fíyátù dìde. Ó ṣí fìrígò, ó sì gbé ìgò méjì jáde, tí a kọ "114" sí lára àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ti ya àwọn onílé kúrò lára àjèjì: ó fa wàrà náà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àwo, lójú ìlà lẹ́yìn ìlà, títí ẹbí kọ̀ọ̀kan fi dá dúró bí orí abẹ́rẹ́, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ sọ́tọ̀, ó mú igi ìṣáná sọ́tọ̀, ó sì ń fún wọn ní wàrà sísè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Kò kú," ni ó wí. "Nílé àjèjì ni ó ti ń sùn láti ọjọ́ náà."

Kàsìmáwò fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀. Nígbà tí ó mú un kúrò, ó fẹ́ gba àwọn ìgò náà.

"Rárá, ayọ̀ mi. Bí mo bá fún ọ lónìí, àjèjì náà yóò gba ẹnu ọ̀nà àná wọlé. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ẹnu ọ̀nà. Má sì tíì sọ fún ìyá."

Ìdájí ọjọ́ Sátidé ni Sọ̀fíyátù dé Zongo. Àlàájà ti gbà, pẹ̀lú ọrùn líle, láti fi ìṣe rẹ̀ hàn án; ó ti ra wàrà kíkan lọ́jà láti fi ṣe ìyá, bí inú rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn sí i.

"Kàsìmáwò, àlejò ẹ, kí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kí ó má fọwọ́ kan ohun tí ń lọ sí ẹnu."

"Ẹ kú ìdájí, Ìyá," ni Sọ̀fíyátù wí, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo rẹ̀ mọ́. Àlàájà ti se wàrà tútù, ó ti jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìkòkò ń dán. Nígbà tí a pe ìrun, ó mú bútà, ó ṣe àlùwàlá dáadáa: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá dé ìgúnpá, orí, ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kàkà kí ó nu ara, ó tọ ìkòkò lọ, ó wí pé "Bìsìmíláì", ó sì ki ọwọ́ bọ inú wàrà láti fi pò ó. Omi ń kán láti ìgúnpá rẹ̀, tótó, tótó, sínú ìkòkò.

Sọ̀fíyátù dúró títí Àlàájà fi kírun tán. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ kì í nu ọwọ́ kí ẹ tó pò ó?"

"Ta ní ń nu ìbùkún nù? Ọwọ́ àlùwàlá ni ìyá mi kọ́ mi pé kí n máa fi da wàrà, kí omi rẹ̀ tó gbẹ."

"Omi ẹ̀rọ ni?"

Kàsìmáwò ni ó dáhùn. "Tẹ́lẹ̀ ni. Láti ìgbà tí àwọn tí ń ṣe ojú ọ̀nà ti gé páìpù, omi kànga ẹ̀yìnkùlé ni a..." Kò parí rẹ̀. Òun àti Sọ̀fíyátù jọ wo ẹ̀yìnkùlé náà. Ṣáláńgá ilé mẹ́ta ni ó yí kànga náà ká.

Sọ̀fíyátù bu omi náà lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó padà sí Zongo pẹ̀lú kúlà kékeré kan àti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Òrùka pupa wà lójú omi inú ìgò náà.

Àlàájà wò ó pẹ́. "Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé àlùwàlá mi ni ó ba wàrà ìyá mi jẹ́?"

"Rárá, Ìyá. Àlùwàlá yín pé. Kànga ni kò pé. Omi tí ó tó fún ìrun lè má tó fún wàrà, nítorí pé ẹni tí ń kírun kì í mu ún. Ẹ má yí ohun tí ìyá yín kọ́ yín padà. Ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti omi sísè fọ ọwọ́ lé e. Ọṣẹ kì í ba àlùwàlá jẹ́."

"Mo sì ní ọwọ́ ẹ ni."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

Àlàájà gbé ojú sílẹ̀. "Kí ni èrè rẹ̀ báyìí? Ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á nù."

Sọ̀fíyátù ṣí kúlà. Ó gbé abọ́ kan jáde, wàrà inú rẹ̀ dì, ó funfun, ó ń dán. Àlàájà tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá mi nìyí," ni ó wí. "Níbo lo ti rí i?"

"Èmi ni mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, Ìyá," ni Kàsìmáwò yára wí. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni—"

"N kò bi ọ́." Àlàájà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Sọ̀fíyátù, ọjọ́ mélòó ni ó ti sùn lọ́dọ̀ ẹ?"

Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó pe orúkọ rẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kànlélógójì, Ìyá."

"Ọjọ́ mọ́kànlélógójì." Àlàájà fi igun gèlè aláwọ̀ ewé rẹ̀ nu ojú. "Wọ́n ti sọ èèwọ̀ wa fún ọ?"

"Wọ́n ti sọ fún mi. Ìyá wàrà kì í sùn nílé àjèjì."

"Bí mo bá pè ọ́ ní àjèjì báyìí, mo ti da májẹ̀mú ìyá mi nìyẹn. Mo sì ti dàgbà jù fún ìyẹn." Ó bo abọ́ náà. "Bàbá ẹ, ọjọ́ wo ni ó máa ń wà nílé?"

Sọ̀fíyátù dáhùn: "Ọjọ́ Àìkú, Ìyá. Láti àárọ̀."

Ní Ọjọ́ Àìkú náà, alùpùpù kan dúró ní ẹnu ọ̀nà Sàlmànù ní Titirou. Àlàájà Sìdíkátù wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ó gbé ìkòkò mọ́ àyà, kò sì di ohunkóhun mú. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ilé, wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè ìlú. Lẹ́yìn náà ni Àlàájà ní òun kò wá fi wàrà tọrẹ. Ìpín ìyàwó ilé ni òun gbé wá, bí Sàlmànù bá fọwọ́ sí i, kí wọ́n dá ọjọ́ yìgì.

Sàlmànù wo ìkòkò, ó wo ọmọ rẹ̀. "O ti yẹ̀ wọ́n wò?"

"Mo ti yẹ̀ wọ́n wò, Bàbá."

"Kí ni orúkọ wọn?"

Sọ̀fíyátù wo Kàsìmáwò, tí ó jókòó lórí ẹní bí ẹni tí ń dúró de ìdájọ́. "Ìdílé mi ni," ni ó wí.

Ó dìde láti gba ìkòkò náà, ó sì rántí. Ó yà sí ibi ọṣẹ. Àlàájà tẹ̀lé e. Ìyá náà gbé ìkòkò fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó mú ife omi, ó sì ń da omi náà sí ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, títí ìhó ọṣẹ fi tán lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.